Èéfín Funfun Lẹ́yìn Ilé Wa

Òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ló máa ń kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a rẹ́ǹtì ní Becontree Heath nílùú òyìnbó nígbà náà. Ìgbà òtútù ni màmá mi ti Ìjẹ̀bú dé láti bá mi tọ́jú ọmọ tuntun, a sì fún wọn ní yàrá kékeré tó wà lókè kíṣìnì. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n rí ohun funfun tó ń rú jáde lẹ́nu páìpù bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú ilé àti omi gbóná, lára ògiri ẹ̀yìn, ni wọ́n bá figbe ta: "Ẹ gbà wá o! Ilé yín ń jó!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ fara balẹ̀, Mà. Ooru omi lásán ni, òtútù ló sọ ọ́ di funfun." Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ilé àdúgbò wa ló ń tú irú rẹ̀ jáde láàárọ̀, bí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú òtútù.

Ṣùgbọ́n ara màmá mi kò yá. Orí ń fọ́ wọn, èébì sì ń gbé wọn. Bí wọ́n bá bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ara wọn á fúyẹ́, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ nílé, ojú wọn á ti tún rẹ̀ wálẹ̀. A ní òtútù ni. Orí tèmi náà ń fọ́, mo sì rò pé àìróorun sùn ìyá ọmọ ni.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí bọ́ílà wà nínú ẹ̀ ní kíṣìnì, kí n mú ìnulẹ̀. Ara ilẹ̀kùn rẹ̀ tutù rinrin fún omi. Mo gbójú sókè, mo rí i: ohun funfun kan náà ń yọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ níbi tí páìpù ti so pọ̀, nínú ilé wa níbí. Kíá ni mo ronú kan gáàsì tó ń jó nínú bọ́ílà. Mo gbé ọmọ, mo ń pariwo "Mà! Mà! Ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Wọ́n ń fọwọ́ tẹ ògiri bọ̀, orúnkún wọn sì yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ mi ló gbé wọn jáde. Ó padà lọ pa bọ́ílà, ó ṣí gbogbo fèrèsé, gbogbo wa sì jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì.

A pe bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣiṣẹ́ gáàsì, ó sì sáré dé láti Dagenham Dock. Ó wọlé lọ wò ó, kò pẹ́ tó fi jáde. "Sìsítà, téèpù lẹni tó ṣe é fi di ibi tí páìpù ti so pọ̀, ó sì ti já. Èyí tẹ́ ẹ rí yẹn, omi ni. Gáàsì tó ń bá a jáde ló ń pààyàn, ẹ ò lè rí i, ẹ ò sì lè gbóòórùn ẹ̀. Ẹ gbé Mummy lọ sọ́sípítù, gbogbo yín ni kẹ́ ẹ lọ."

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ohun tó ń fúnni ní afẹ́fẹ́ bo imú àti ẹnu màmá mi, mo bi màmá léèrè pé kí ló dé tí wọn ò sọ pé ó le tó báyẹn. Wọ́n ṣí ohun náà kúrò lẹ́nu díẹ̀. "Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Mi ò sì fẹ́ dá kún wàhálà ẹ, ọmọ ṣì kéré lọ́wọ́ ẹ."

Ara wọn yá, ara gbogbo wa yá, ṣùgbọ́n ìgbà tí màmá fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa kò tíì pé tí wọ́n fi padà sílé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́sípítù yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá ẹni lè di àlejò nílé ọmọ rẹ̀, kó máa fi ìrora pa mọ́ kó má baà dààmú ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, bí mo bá pè wọ́n tí wọ́n ní, "Dáadáa ni mo wà," mi ò jẹ́ kó parí síbẹ̀ mọ́. Mo máa ń béèrè bí wọ́n ṣe sùn, ohun tí wọ́n jẹ, ibi tó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, màá dúró kí wọ́n dáhùn. Nígbà mìíràn, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ òótọ́ fún mi.