Ibà Tí Kò Gbọ́ Oògùn Ibà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Á jókòó síwájú ilé wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó, á máa wo ọ̀nà, oúnjẹ á sì tutù níwájú rẹ̀. Ó ń gbẹ lójú wa. Inṣọ́ránsì ìlera ìjọba ń tọ́jú ibà, ó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, ṣùgbọ́n ti ọkàn kò sí níbẹ̀. Lójú wọn, ọrùn ni ara ọmọ ènìyàn parí sí. Nítorí náà, ibà ni dókítà ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi lo oògùn ibà títí ẹ̀fọn fi ń yà fún un lọ́nà.

Nígbà tó yá, wọ́n kéde lórí rédíò pé inṣọ́ránsì náà ti gbòòrò, àìsàn ọpọlọ àti ìbànújẹ́ tí kò lọ ti wọ inú rẹ̀. Mo jó. Èmi nìkan ni mo jó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ relé ọkọ, Àlàájì tó bí ọkọ rẹ̀ sì ti rán èèyàn káàkiri Òṣogbo láti wádìí bóyá wèrè wà nídìílé wa.

Àǹtí wa àgbà ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣì máa jẹ́ ibà títí a ó fi ṣègbéyàwó. Ọlọ́run má tú wa láṣìírí."

"Bó bá kú kó tó dìgbà náà ńkọ́, mà?"

"Ibà ló pa á nìyẹn."

Inú bí mi. Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọsibítù kan ní Iléṣà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Ó fa fìlà bojú. Bàbá kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà ọpọlọ, òun náà fa fìlà bojú. Ó gbójú sókè. Àlàájì àna wa ni!

"Ibà ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi yára wí.

"Àlùhámúdùlílàhì, ibà ni tèmi náà."

Nọ́ọ̀sì gbọ́. "Ẹ̀yin oníbà, ibí kọ́ o. Ẹ kọjá sẹ́yìn lọ́hùn-ún."

Kò sẹ́ni tó dìde. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá kúrò níbẹ̀, n kò ní rí i mú padà wá mọ́. Ó wá ṣí fìlà.

"Irọ́ ni mo pa, nọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi ló kú. N kì í sùn."

Àlàájì náà ṣí fìlà tirẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé," ló wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ máa wọlé, àna mi. Màá tẹ̀ lé yín."