Àlàájà Morufat Tó Ń Wẹ Òkú, Tí Kò Mọ Ibi Tí Wọ́n Ń Lọ

Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ eléyìí, nítorí bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ohun ńlá ti fò yín kọjá. Obìnrin kan wà ní Ìta Fàájì, Àlàájà Morufat ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ládùúgbò wa. Bí ìyá ẹnìkan bá kú, láti ẹ̀yìn Ìgà Ìdúngánràn títí dé etí Pópó Àgùdà, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbẹ́ sàréè. Obìnrin yìí kan náà ni kò dá lójú pé ọ̀run wà. Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Ẹni tó sún mọ́ òkú jù lọ láàárín wa ni kò mọ̀ bóyá wọ́n ń lọ síbì kankan!

Kò sì fi pamọ́. Àáfà Sùrájù, tó máa ń kírun sí òkú lára, a máa wá jókòó tì í níwájú ilé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀.

"Àlàájà, ẹ̀yin tí ẹ ti dé Mẹ́kà! Ayé lọjà, ọ̀run nilé o."

"Mo gbọ́. Ẹni tó ti ọjà délé, kí ló dé tí kò rán ẹnìkan padà sọ́jà kó wá kí wa?"

"Astagafurúláì! Ẹ ó débẹ̀, ẹ ó rí i."

"Tí mo bá débẹ̀ tí mo rí i, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Tí kò bá wá sí nǹkan kan ńkọ́, ta ni yóò bẹ èmi?"

Àáfà á rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ á fi yẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, yóò tún padà wá gbọ́ èébú.

Kì í ṣe ìwé ló kọ́ Àlàájà nírú ọ̀rọ̀ yìí. Ó bí ọmọkùnrin kan, Tawfiq. Ibà dá ọmọ náà dùbúlẹ̀, òun àti ọmọ yàrá tó kọjú sí tiwọn. Àlàájà gbààwẹ̀, ó ṣe sàráà, ó forí kanlẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi bó. Àwọn òbí ọmọ kejì, ọtí ni wọ́n ń mu kiri. Ọmọ tiwọn dìde. Tawfiq kú. Àwọn èèyàn ń wá bá a sọ pé kádàrá ni, pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ náà ló fi mú un. Ó bi wọ́n pé, "Ṣé kò fẹ́ràn tiwọn ni?" Títí dòní, n kò tíì gbọ́ èsì kan tó tó ìbéèrè yẹn. Orí mi máa ń wú ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń wẹ òkú o! Yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ omi wò bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Bí omi bá tutù, á ní kí wọ́n gbé e padà sórí iná. Ẹnìkan fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan: "Àlàájà, òkú ò mọ òtútù mà." Ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n." Á tún máa bá wọn sọ̀rọ̀: "Gbé apá fún mi, ìyá mi. Ó ti fẹ́ẹ̀ tán." Ẹni tó gba àlùjánnà gbọ́, a mọ̀ pé láádá ló ń wá. Ẹni tí kò retí láádá, tí kò retí kí òkú dúpẹ́, kí ló ń wá? Ẹ bá mi rò ó!

Àṣà kan wá wà ládùúgbò wa. Bí ẹni tó wẹ òkú bá ti ṣe tán, yóò jáde sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹbí á pa lọ́lọ́ bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Bó bá ní, "Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀," ariwo á ta pé, "Àlùjánnà ni!" Àlàájà kì í sọ ọ́. "A ti wẹ̀ ẹ́ mọ́," ibẹ̀ ló máa ń parí ẹ̀ sí. Àwọn èèyàn rò pé àṣírí òkú ló ń bò.

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá Nusrat kú. Nusrat ń ta aṣọ ìkélé, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti sọ ojú ìyá náà di dúdú, ó sì ti fa ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kàsímù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, sì ti ń sọ ọ́ láàárọ̀ yẹn pé ojú tó bá dúdú báyìí, ẹni iná ni. Ṣebí àbúrò òun kì í kírun déédéé. Nusrat gbọ́ ọ. Ó fà mọ́ aṣọ Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe fẹ́ wọlé lọ wẹ òkú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ pé ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ṣáà sọ ọ́. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, mi ò ní lè sùn mọ́ láyé mi."

"Tí mo bá sọ ọ́, irọ́ ni màá pa fún ẹ, wàá sì máa fi gbé ayé ẹ. Mi ò mọ ibi tó ń lọ, ọmọ mi."

Kàsímù fò dìde. "Ẹ ò mọ̀? Kí wá lẹ̀ ń ṣe nídìí òkú wa? Ẹ gbé bútà yín, ká lọ pe ẹlòmíràn!"

Mo rò pé yóò bínú lọ. Kò lọ. Ó ní, "Àlàájì, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ ni yóò wẹ ìyá ẹ̀ lónìí. Èmi á bá a bu omi."

Igbe ta. Lágboolé yẹn, ọmọ kì í wọlé tọ òkú ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù á máa bà á títí ayé. Kàsímù kọjú sí Àáfà Sùrájù pé kó kọ̀ ọ́.

"Ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́," ni Àáfà wí. "Àwọn ọmọ ló tiẹ̀ yẹ jù."

"Ẹ̀yin àti obìnrin yìí ti gbìmọ̀ pọ̀ ni?"

"Èmi àti ta ni? Ẹ bi gbogbo àdúgbò bóyá ohùn wa ti pa pọ̀ rí!"

Nusrat wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní òun ò kọ́kọ́ lè wo ojú náà, Àlàájà sì fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé ọwọ́ òun. Ó rí àpá epo gbígbóná tó mọ̀ lápá ìyá rẹ̀. Ó bu omi sójú rẹ̀. Ojú náà kò mọ́lẹ̀, ẹnu náà kò tọ́. Ojú tó ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá bó ṣe ń fún ìyá rẹ̀ ní ògì náà ni.

"Màmá," ó bi Àlàájà, "ṣé ó ń gbọ́ wa?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀."

Ó sì bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò rántí àlùjánnà, òun ò rántí iná, ìyá òun lòun ń wẹ̀.

Nígbà tó yá, Nusrat ló jáde sẹ́nu ọ̀nà, apá aṣọ rẹ̀ tutù jìnwìn.

"Báwo ni ojú rẹ̀?" ni Kàsímù béèrè.

"Ojú ìyá mi ni, Bàbá. Àìsàn ló sọ ọ́ dúdú. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ wọlé, ẹ lọ wò ó."

Kàsímù wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò sọ̀rọ̀ iná mọ́. Ó lọ gbá ẹsẹ̀ àkéte tí wọ́n fẹ́ fi gbé òkú mú. Nusrat sì sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin àdúgbò ló ń bá Àlàájà wọlé lọ wẹ ìyá wọn. Èmi ò mọ̀ bóyá ọ̀run wà tàbí kò sí, ẹ má bi mí. Ẹ má sì torí ohun tí mo sọ gba ìtàn yìí gbọ́. Ẹ wá sí Ìta Fàájì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó ti ìyá yìí, kí ẹ gbé ìbéèrè tiyín síwájú rẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí irú èèyàn tí ń bẹ láyé.