Wáìnì Tí A Kì Í Gbé Mì

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo bá ọmọ mi ọkùnrin kọjá òkè lọ sí ilẹ̀ Faransé, sí agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Savoie. Orúnkún ń dùn mí. Ó ti rẹ̀ mí kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Torino, ìlú tí à ń gbé ní ilẹ̀ Ítálì, rárá.

A kò bá ti afẹ́ lọ. Magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí ọmọ mi ti ń ru ẹrù, ti ní kó máa lọ. Contratto rẹ̀, ìwé àdéhùn iṣẹ́, parí, wọn kò sì fún un ní òmíràn. Ó ti wá iṣẹ́ dé Modena àti Parma. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ sì ń dàgbà. Ìgbà náà la gbọ́ pé ìyá àgbà kan tó ni ọgbà àjàrà ní Savoie ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn tọ́jú àgbá wáìnì. Inú ilé ni iṣẹ́ náà, kò sì ní í tán nígbà tí ìkórè bá parí. Èmi ni ògbufọ̀, nítorí Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nílé kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni àjàrà fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀. Apá kan òkè ló wó lulẹ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, àárín òkúta tó wó yẹn ni wọ́n gbin àjàrà sí, ó sì ń so dáadáa.

Ọmọ mi kì í mutí, díákónì ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà gba títọ́ wáìnì wò. Pásítọ̀ wa ní kó tọ́ ọ wò, kó má mu ún. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún wa.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìyá náà bu wáìnì láti inú àgbá àkọ́kọ́ láti fi dán ọmọ mi wò, wọ́n fi ṣan ẹnu, wọ́n sì tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bu fún ọmọ mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹríba díẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ó ní, “Mà, ó ń ta bí iyèré.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mìíràn tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í gbọ́ ata yẹn nínú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Láti àgbá dé àgbá, ó ń gbé e mì. Ìyá náà fi ẹsẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi rò pé ìyá náà ló nílò rẹ̀, ó rọra gbé e padà síwájú wọn. Mo sọ fún un pé kó máa tu ú dànù.

“Ṣé ojú ẹni tó bu nǹkan fún mi ni màá ti tu ú dànù, mà? Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi.”

“Àwọn fúnra wọn ń tu tiwọn ńkọ́?”

“Ilé wọn ni.”

Nígbà tí a dé àgbá tó wà ní igun ilé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá náà ń wò ó gidigidi. Láti ibi tí mo dúró ni mo ti gbọ́ òórùn pé wáìnì yẹn ti kan.

“Èyí dùn, mà,” ni ọmọ mi wí.

Ìyá náà yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ Faransé fún “ó kan” wà lẹ́nu mi, mo sì mọ̀ pé ó lè gba iṣẹ́ náà fún un. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni mí. Ohun tó sọ ni mo sọ.

Wọ́n gbé ife kalẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń gbé e mì, ahọ́n rẹ̀ á ti kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kò lè fi àgbá sí i lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé pé ìtẹríba ló ń ṣe. Wọ́n wá béèrè bóyá ó lè fara da òtútù, nítorí wọ́n nílò ẹni tí yóò máa gé ẹ̀ka àjàrà nígbà ọyẹ́.

Ó gbà. Títí di òní, àárín òkúta yẹn ló ń dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì ń là. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà lọ́jọ́ náà, ó fi èjìká mi ṣe ìrọ̀rí, òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu díákónì. N kò lè bá a wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ tó ṣàjèjì sí yín, ẹ wo ohun tí onílé ń ṣe, ẹ bi í léèrè, kí ẹ tó fi ìwà rere ilé yín dá a lóhùn.