Àwọn Ẹyẹlé Orí Òrùlé Ilé-Ìwé

Láti ìgbà tí àìsàn ti dí Bàbá Oníbàtà létí pátápátá, ohun tó dùn ún jù ni agogo ilé-ìwé tí kò gbọ́ mọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ọgbà ilé-ìwé náà, òun ló sì máa ń mú ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin wálé, torí ìyá ọmọ náà kì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Aago wà lára ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó dorí kodò sórí bàtà kì í rántí wo ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbàgbé. Nígbà kejì, ó bá ọmọ náà lẹ́nu géètì, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ojú ti bàbá gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rán àtẹ́lẹ̀ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí òjìji kan kọjá lórí rẹ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ó gbójú sókè. Àṣé ẹyẹlé ni, wọ́n tò sórí òrùlé ilé-ìwé bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀. Kò pẹ́ ni àwọn ọmọ tú jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Bàbá fọgbọ́n kún ọgbọ́n: bó bá ti rí òjìji ẹyẹ, yóò ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó di ẹnu géètì. Ọmọ ò dá dúró mọ́.

Nígbà tí Ìyá Agbálẹ̀, tó ń gbálẹ̀ ilé-ìwé tó sì ń lu agogo, gbé sálúbàtà rẹ̀ tó já wá, bàbá ní, "Ẹ ṣeun o, ìyá. Àwọn ẹyẹ ló ń bá mi gbọ́ agogo yín."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sára páálí bàtà: "Bàbá, kí n tó lu agogo ni wọ́n ti ń dé. Bí mo bá lù ú tán ni mo máa ń gbọn èérún oúnjẹ àwọn ọmọ dà sí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún mọ́kànlá rèé, n ò yẹ àsìkò rí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Lọ́jọ́ tí ò sí ilé-ìwé pàápàá, wọ́n á wá, wọ́n á dúró títí, wọ́n á lọ."

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ikùn ẹyẹ mọ aago jù mí lọ! Ẹ̀yin gan-an ni mo jẹ lọ́pẹ́ nígbà náà."

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyá Agbálẹ̀ sáré dì í lápá mú, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rán sálúbàtà náà dáadáa, kò gba kọ́bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ó ròyìn rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọọmọ náà. Kí ìyẹn tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yà sí ilé-ìwé, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Agbálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.