Okùn Kọ́kọ́rọ́ Ìyá Ẹgbẹ́ Wa

Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti dún, ìyá tó dá ẹgbẹ́ àwa tí à ń tọ́jú aláìsàn nílé sílẹ̀ ní Baruwa ni mo máa ń rántí. Láràárọ̀ ni ìyá náà ń fi fóònù pè wá. Kọ́kọ́rọ́ ilé kálukú wa sì wà lórí okùn tí wọ́n ń fi kọ́rùn.

Lákọ̀ọ́kọ́, èmi kọ̀, n ò fún wọn ní tèmi. Ṣebí Èkó la wà.

"Kí ni mo fẹ́ jí nílé ẹ, jàre? Ṣé pámpásì màmá ẹ ni? Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn fúnra ẹ̀ lè ṣubú o."

Nígbà tó yá, mo fún wọn.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi ṣánlẹ̀ nílé ìdáná. Ìyá mi tí kò lè dìde ń pariwo nínú yàrá. Nígbà tí n ò gbé fóònù, ìyá ẹgbẹ́ wá ṣílẹ̀kùn. Ìró kọ́kọ́rọ́ wọn ni mo fi lajú.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn náà ò pè wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí a fi máa já ilẹ̀kùn wọn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkọ wọn tí rọparọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo wa wà lọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní tiwọn lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ ní kí n gba okùn náà. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí n tó gbà á, mo mú kọ́kọ́rọ́ mi lọ fún bàbá télọ̀ tó wà lódìkejì ilé mi.

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Tẹ́ ẹ bá pè mí tí n ò gbé e, ẹ wọlé."