Àgbọ̀nrín Tó Ti Kú Kí N Tó Dé

Òmìnira wa kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké ìwé àṣẹ ọdẹ ní gbangba ní Kútọnu. Tẹ́lẹ̀, òyìnbó nìkan ló ń gbà á. Wọ́n ní ọmọ ìlú ni gbogbo wa báyìí: ẹni tí kèké bá mú yóò pa àgbọ̀nrín kan, ìbáà jẹ́ lórí ilẹ̀ olówó. Akọ̀wé ni mí ní Ganhi, láàárín ìlú náà. Ohun tí mo ti pa rí kò ju aáyán lọ. Èmi ni kèké mú. Ọ̀gá mi, tí kì í dáhùn ìkíni mi, dìde kí mi.

Bàbá ìyàwó mi, ọdẹ ará Kétu, ló máa bá mi yìnbọn. Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn.

"Àna mi, ṣé àgbọ̀nrín náà ti gbọ́?"

A wọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ Akpakpa ní Kútọnu láàárọ̀ kùtùkùtù, a kọjá Àjàṣẹ́, a sì sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko ńlá kan tí wọ́n kọ sínú ìwé náà, tí wọ́n fi wáyà yí ká. Oníṣòwò kan ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé. Ó jọ pé akẹtẹ̀ òyìnbó tó dé sórí wà lára ọjà. Wọ́n gbé àga fún wa. Oníṣòwò náà gba ìwé mi kó tó kí wa.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹran ti wà nílẹ̀ látàná, ìwé la ń wá."

Àwọn àlejò rẹ̀ ló ti pa àgbọ̀nrín láìgbàṣẹ, àwọn aṣọ́gbó sì ń bọ̀ wá yẹ oko wò.

"Ṣé a ò ní wọgbó ni?" ni mo bi í.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹran kan ni wọ́n fún yín, a sì ti bá yín pa á. Ẹ tọwọ́ bọ̀wé."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Láyé òyìnbó, lílé ni wọ́n ń lé wa níbí. Ẹ̀yin fún wa lága. Ìlú ti dáa."

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá na kálàmù sí akọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ kì í béèrè ìdí.

Wọ́n fún wa ní orí ẹran náà. Bàbá kọ̀, kò bá mi gbé e. Ó yẹ kó sùn sílé wa ní Cadjèhoun ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ó sọ̀ ní Àjàṣẹ́, ó ní òun rántí ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀.

"Ara ẹran náà dà?" ni ìyàwó mi bi mí nílé.

"Ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó pa á."

Orí náà le. Ọjọ́ méjì ló fi sè é, mo sì jẹ tèmi tán.