Àmín Tí Mo Ṣe Nínú Igbó

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó yáa ti pè mí báyìí, kí n lè ráyè sọ̀rọ̀ mi lọ. Èmi kì í mu ẹmu, n kì í sì í mugbó. Ohun tí ojú mi rí tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ yìí, wàláhì.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Ohùn ẹyẹ ni mò ń gbà sílẹ̀. N ó gbé máíkì wọgbó, n ó lúgọ, n ó sì pa ẹnu mọ́ títí ẹyẹ yóò fi ké. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìwó a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọ̀gá ẹlẹ́yẹ, ṣé wọ́n ti fọhùn lónìí?" Kò dùn mí. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ bí igbó ṣe ń jí láàárọ̀, tí àdàbà ń ké lábẹ́lẹ̀, tí ẹ̀gà ń pàtótó, kò tíì gbọ́ nǹkan kan láyé yìí.

Ohùn kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi ò tíì tẹ̀: ohùn odídẹrẹ́. Àwa ọmọ Ìwó tí wọ́n ń fi odídẹrẹ́ kì, ká má rí ẹyọ kan mọ́ nínú igbó wa! Màámi sì ń ṣàìsàn. Wọn ò lè dìde mọ́, oúnjẹ ò wù wọ́n. Ohun tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ ò ju pé, "Ọkọ mi, jẹ́ n gbọ́ odídẹrẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí oko wa ni wọ́n ń gbà kọjá." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gún mi lọ́kàn.

Ni Múfú, ọ̀rẹ́ mi tó ń gun ọ̀kadà, bá sọ fún mi pé àwọn àgbẹ̀ kan lọ́nà Olúpọ̀nnà gbọ́ igbe odídẹrẹ́ létí odò. A ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ. A jókòó títí, pàbó ló já sí. Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, tí gbogbo ẹyẹ ti sinmi ẹnu, Múfú ní ká máa lọ, ebi ń pa òun. Mo ní kó ṣe sùúrù díẹ̀.

Àfi bí igbó ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Kòkòrò ò dún. Ewé ò mì.

Odídẹrẹ́ bá ké lókè orí wa.

Háà! Ohùn yẹn dára. Ó súfèé, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó tún gbé e sókè, ó wá ń dún bí omi tó ń ti ẹnu kèrègbè jáde. Omijé bọ́ lójú mi. Mo wòkè, n ò rí ẹyẹ kankan. Igi náà ò tilẹ̀ léwé tí ẹyẹ lè fara pamọ́ sí.

Ibi tí ẹyẹ náà dákẹ́ sí ni ohùn obìnrin kan ti gbà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá àgbà tó ń wúre fún ọmọ tó ń lọ sájò:

"Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ."

Ṣé ẹ mọ̀ wá, àwa Yorùbá. A kì í jẹ́ kí àdúrà bọ́ sílẹ̀. Kí n tó rántí pé máíkì ń ṣiṣẹ́, mo ti ní, "Àmín."

"Ẹni tó rán ọ wá á gbọ́ wa, á sì wá bá wa."

"Àmín o!"

Ẹnu mi ò tíì pa dé tí ọ̀rọ̀ náà fi yé mi. Màámi mà ló rán mi wá!

Múfú rọra fà mí láṣọ. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí pé, "Ta lò ń ṣe àmín sí?"

"Ìyá tó ń ṣàdúrà yẹn. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Ẹyẹ nìkan ni mo gbọ́." Ó wò mí títí. "Dìde. Má wẹ̀yìn."

Ká tó dé ìdí ọ̀kadà, fìlà mi ti bọ́. N ò padà lọ mú un. Ta ni yóò padà?

Nígbà tí a délé, mo tẹ́tí sí ohun tí mo gbà sílẹ̀. Igbe odídẹrẹ́ wà níbẹ̀, ó mọ́ gaara. Àmín mi méjèèjì wà níbẹ̀. Àdúrà ò sí. Àlàfo lásán ni èmi òmùgọ̀ ń ṣe àmín sí. Múfú ní kí n pa á rẹ́ kíákíá. N ò lè ṣe é. Ohùn tó dára tó yẹn, ta ló láyà láti pa á rẹ́? Mo kàn pinnu pé màámi ò ní gbọ́ ọ. Àṣé wọ́n ti gbọ́ láti inú yàrá.

"Odídẹrẹ́!" Ẹ wá wo màámi tí wọn ò lè dìde, tí wọ́n jókòó ṣánṣán sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀rín gba ẹnu wọn. "Tún un fi sí i, ọkọ mi."

Mo tún un fi sí i. Mo fẹ́ dá a dúró kó tó dé ibi àdúrà, ọwọ́ mi ò yá tó. Nígbà tó dé ibi àlàfo, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní, "Àmín." Wọ́n tún dákẹ́ díẹ̀. "Àmín o."

Mo pa ẹ̀rọ náà. "Màámi, àdúrà wo lẹ ń ṣe àmín sí?"

"Ti ìyá yẹn ni. Ohùn rẹ̀ mà dùn o."

Láti ọjọ́ náà ni ara màámi ti ń yá. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn nínú ilé, wọ́n ń súfèé bí odídẹrẹ́, kí n má parọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi. Ẹbí ń kí mi kú iṣẹ́. Èmi nìkan ni n ò lè yọ̀ délẹ̀. Torí pé bó bá ti di ọ̀sán gangan, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á dẹtí sí ojú fèrèsé, wọ́n á sì máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rin oko, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ojú ẹni tó ń ṣàdúrà kí ẹ tó ṣe àmín. Lánàá, màámi bèèrè bàtà tí wọ́n fi ń lọ sóko nígbà tí ara wọn le. Mo ní n ò mọ ibi tó wà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo fi pamọ́ sí.